Òtútù líle yìí: ọ̀tá ni àbí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run?

Ìyá_Ìfẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Níbi ìpàdé àdúrà wa, arákùnrin kan dìde, ó ní kí á bá òtútù yìí wí lórúkọ Jésù, bí Jésù ṣe bá ìjì wí lójú omi. Gbogbo ilé ṣe àmín. Nígbà tí mo ṣí Bíbélì mi, Sáàmù 147 ni mo bá pàdé. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń fi òjò dídì fúnni bí irun àgùntàn níbẹ̀, òun náà ló ń fọ́n ìrì dídì ká bí eérú. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e wá béèrè pé ta ni ó lè dúró níwájú òtútù rẹ̀. Òtútù RẸ̀ o! Kì í ṣe ti Sátánì.

Tó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, kí ló fẹ́ ká rí kọ́ níbẹ̀? Ojú ọ̀nà ń yọ̀, omi dì nínú páípù, ilẹ̀ ti ń ṣú kí èèyàn tó jáde níbi iṣẹ́. Mi ò fẹ́ ìwàásù dídùn lásán, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rò ni kí ẹ sọ.

---

Alàgbà_Jóṣúà

Ẹ kú àròjinlẹ̀, màmá. Ẹ bi wá níre.

Lẹ́yìn ìkún omi, nínú Jẹ́nẹ́sísì 8:22, Ọlọ́run ṣèlérí pé níwọ̀n ìgbà tí ayé bá ṣì wà, ìgbà òtútù àti ìgbà ooru kò ní dáwọ́ dúró. Ìlérí ni. Sáàmù 74:17 tún sọ pé òun ló dá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà òtútù. Ẹni tó bá ní kí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, kí ó mọ̀ pé májẹ̀mú ni òun ń bá jà.

Síbẹ̀, ẹ wo bí Jésù ṣe sọ ọ́ nínú Mátíù 24:20. Ó ní kí wọ́n gbàdúrà kí sísá wọn má bọ́ sí ìgbà òtútù. Kò sọ pé kí wọ́n gbàdúrà kí òtútù má wá. Ó mọ̀ pé yóò wá, ó sì mọ̀ pé ó ń pa èèyàn lára, torí náà ó kọ́ wọn ní ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè. Àdúrà tèmi náà nìyẹn lásìkò yìí: kí mọ́tò má kú sójú ọ̀nà, kí iná má lọ lóru, kí ẹnikẹ́ni má ṣubú.

Ẹsẹ kan tún wà tí àwa oníwàásù kì í sábà fọwọ́ kàn, Jóòbù 37:7. Ẹsẹ 6 ní Ọlọ́run pàṣẹ fún òjò dídì pé kó bọ́ sórí ilẹ̀. Ẹsẹ 7 wá ní ó fi èdìdì di ọwọ́ olúkúlùkù ènìyàn, kí gbogbo ènìyàn lè mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó dá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ẹranko wọ ihò wọn lọ, àwa nìkan ni a ṣì ń bínú pé ọ̀nà dí.

---

Ṣadé_Alẹ́

Ẹ̀yin ń tú Bíbélì, èmi ń ha yìnyín kúrò lójú díńgí mọ́tò 😂

Alàgbà, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá mi pé Ọlọ́run ti fi èdìdì di ọwọ́ mi o. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, àwọn aláìsàn kì í sì í dúró de kí yìnyín yọ́.

Ohun tó kọ́ mi ni sùúrù, pàápàá lójú títì. Yìnyín kan wà tí ojú kì í rí, ó mọ́lẹ̀ gaara, bí ọ̀dà tó kàn rin omi lásán ni èèyàn máa rí i. Ìgbà tí táyà bá gun orí rẹ̀ lo máa tó mọ̀. Kò sí bíréèkì níbẹ̀. Kí o rọra sáré kí o tó débẹ̀ nìkan ni ààbò. Ẹ fi ṣe ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, èmi ń lọ sùn.

---

Olùkọ́_Ewéko

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbi tí iṣẹ́ mi ti kan ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó dùn mọ́ mi púpọ̀.

Aísáyà 55:10 fi òjò àti òjò dídì ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó ní wọ́n bọ́ láti ọ̀run, wọn kò sì padà síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bomi rin ilẹ̀, kí ó lè mú irúgbìn fún afúnrúgbìn. Òjò a máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òjò dídì kì í kánjú. Yóò jókòó sórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, o máa rò pé kò ṣe nǹkan kan, àfi ìgbà tí oòrùn bá padà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bó sì ṣe jókòó yẹn, kò jókòó lásán. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, afẹ́fẹ́ tí kò rìn sì máa ń dí òtútù lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí òjò dídì bò dáadáa máa ń móoru ju ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò lọ, gbòǹgbò àti kòkòrò sì ń rí ààbò lábẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tó wà lábẹ́ kúbùsù.

Àlìkámà kan tún wà tí àwọn àgbẹ̀ máa ń gbìn kí òtútù tó wọlé. Bí kò bá fara gba òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ní yọ òdòdó bó ṣe yẹ nígbà tí ooru bá dé, kò sì ní so dáadáa. Igi ápù náà rí bẹ́ẹ̀. Òtútù wà lára ohun tó ń mú èso wọn wá.

Omi náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń wúwo sí i bó ṣe ń tutù. Omi ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 4 Celsius, lẹ́yìn náà ó yí padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ìdí rèé tí yìnyín fi ń léfòó, tí adágún fi ń dì láti òkè, tí ẹja fi ń rí ibi gbé nísàlẹ̀. Ká ní omi ń dì láti ìsàlẹ̀ wá ni, ẹja mélòó ni ì bá kù?

Mi ò sọ pé ẹni tí òtútù ń pa ni kó máa dúpẹ́ nítorí ẹja o. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ṣètò omi báyìí kì í ṣe ẹni tí òtútù bá lójijì.

---

Ayọ̀Kún

Ògo fún Ọlọ́run! Ẹ máa yọ̀ ṣáá! Ayọ̀ Olúwa ni agbára wa! Ẹ máa fi orin lé òtútù lọ, ẹ má jẹ́ kí ìbànújẹ́ ráyè! 🙌🙌

---

Ẹni_Jẹ́jẹ́

Ẹ má bínú sí mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń tètè ṣú, nǹkan kan máa ń kú nínú mi. Mo lè sùn títí, kí n jí, kó sì tún rẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ gbé fóònù, mi ò fẹ́ rí èèyàn. Àdúrà gan-an máa ń wúwo lẹ́nu mi. Ìgbà tí mo sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ wa, orin ni wọ́n kọ fún mi, wọ́n ní kí n máa yọ̀. Mo padà sílé, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ayọ̀Kún, mi ò bá yín jà. Ẹ kàn bá mi ka Òwe 25:20. Ẹni tó ń kọrin fún ọlọ́kàn ìbànújẹ́, Bíbélì ní bí ẹni tó bọ́ aṣọ lọ́rùn ènìyàn ní ọjọ́ òtútù ni.

Ẹ̀yin ń wá ẹ̀kọ́ nínú òtútù. Èmi ń wá bí n ṣe máa rí òpin rẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sì_Bọ́lá

Ẹni_Jẹ́jẹ́, ẹ kú orí ire tí ẹ sọ ọ́ síta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ yín ló kéré.

Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí, àwọn oníṣègùn mọ̀ ọ́n. Ọdún 1984 ni dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń bá àsìkò wá, tó ń dé bí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bá ti dín kù, tó sì ń lọ bí ó bá padà. Oorun àsùnjù àti àárẹ̀ wà lára àmì rẹ̀. Ìtọ́jú wà. Àwọn kan máa ń jókòó síwájú àpótí iná tó tàn tó 10,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tàn tó) fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀. Àwọn mìíràn ń lo oògùn, àwọn mìíràn ń bá olùtọ́jú ọkàn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà o, ẹ má kàn ra iná kan kalẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ní àìsàn ojú. Ẹ sì jẹ́ kó wo fítámì D yín náà, torí awọ dúdú nílò oòrùn púpọ̀ sí i kó tó lè ṣe é. Bí èrò pé kí ẹ kú bá sì wá, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ pe ẹnìkan lójú ẹsẹ̀, ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti Bíbélì, ẹ rántí Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì dé. Kò wàásù, kò kọrin. Ó jí i, ó ní kó jẹun. Èlíjà jẹ, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ náà ni. Ó tún sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé ìrìn àjò náà pọ̀ jù fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ míì tó wáyé.

---

Ayọ̀Kún

Ẹni_Jẹ́jẹ́, mo gbọ́ o. Ṣé mo lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀? Mi ò ní kọrin.

---

Ẹni_Jẹ́jẹ́

😅 Ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì.

---

Tọ́lá_Físíìsì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí èmi ọmọ kékeré fi díẹ̀ kún un.

Ní ìhà àríwá ayé, nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ni ọjọ́ tó kúrú jù lọ. Láti ọjọ́ kejì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ibi, oṣù Kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ni òtútù tó le jù ń dé! Ìdí ni pé ilẹ̀ àti òkun ṣì ń pàdánù ooru ju èyí tí oòrùn ń dá padà fún wọn lọ. Ó di ìgbà tí ohun tó ń wọlé bá ju ohun tó ń jáde lọ kí ara ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan wà lọ́dọọdún, nígbà náà, tí ìmọ́lẹ̀ ti ń borí tí òtútù sì ń burú sí i. Ẹni tó bá ń fi ara nìkan wọn nǹkan máa búra pé kò sí ìyípadà kankan. Èmi ń fi ìgbàgbọ́ mi síbẹ̀. Ẹ̀yìn àjíǹde ni a wà, síbẹ̀ ara ṣì ń ro wá.

---

Iná_Ẹ̀mí

Ẹ̀yin èèyàn ti sọ ọ̀rọ̀ di sáyẹ́ǹsì. Ìgbàgbọ́ dà? Àwọn mẹ́ta wọ iná ìléru, wọn kò jóná. Ọlọ́run tó gbani lọ́wọ́ iná kò lè gbani lọ́wọ́ òtútù ni? Èmi pa hítà nígbà tí mò ń ṣe ìṣọ́ òru, mo bọ́ kóòtù, mo gbàdúrà títí ara mi fi gbóná. Iná Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Ẹ dán an wò kí ẹ rí i.

---

Nọ́ọ̀sì_Bọ́lá

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ JỌ̀Ọ́, ẹ má dán an wò.

Bí ooru inú ara bá já sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 35 Celsius, ewu ti dé. Èèyàn á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Tó bá wá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ó ti rí ibi tó móoru, kì í ṣe ìwòsàn, agbára ara ti ń tán ni. Ọ̀rọ̀ á máa lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Lára àwọn tí òtútù bá fẹ́ pa gan-an, àwọn kan máa ń sọ pé ooru ń mú àwọn, wọ́n á sì bọ́ aṣọ. Mi ò sọ pé bó ṣe rí fún yín nìyẹn, bọ̀dá mi. Mo ń sọ ọ́ nítorí ẹni tó máa kà á tó sì máa ṣe é nínú yàrá tí kò sí ẹnìkan pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí a sì wà lórí rẹ̀: ẹ má tan èédú sínú ilé láti yáná, ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde níbẹ̀, carbon monoxide, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń ké bí ó bá fura sí i kò bá sí nílé yín, ẹ wá ọ̀kan.

---

Alàgbà_Jóṣúà

Arákùnrin Iná_Ẹ̀mí, àwọn Hébérù mẹ́ta yẹn kò wọ iná fúnra wọn, wọ́n jù wọ́n sínú rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ ńlá ni.

Ìtàn kan wà nínú ìjọ àtijọ́ tó sún mọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ní nǹkan bí ọdún 320, nígbà ayé Likinius ọba Róòmù, wọ́n mú ogójì ọmọ ogun tó jẹ́ Kristẹni ní Sebaste, ìlú tó ń jẹ́ Sivas ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ṣe lọ, wọ́n ní kí wọ́n sẹ́ Kristi, wọ́n kọ̀. Wọ́n kó wọn sórí adágún tó ti dì, ní ìhòòhò, lóru. Wọ́n wá gbé omi gbígbóná kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yí ọkàn padà. Ọ̀kan sáré lọ síbẹ̀. Ọmọ ogun tó ń ṣọ́ wọn rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bọ́ aṣọ tirẹ̀, ó lọ dúró pẹ̀lú àwọn tó kù, iye wọn sì tún pé ogójì.

Ó máa ń wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò bọ́ aṣọ láti dán Ọlọ́run wò. Ẹ̀rí ni wọ́n fi òtútù jẹ́, nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn àfi kí wọ́n sẹ́ Kristi. Níbi tí ọ̀nà bá wà, ẹ wo Pọ́ọ̀lù. Ẹni tó ti rí òtútù àti ìhòòhò, bó ṣe kọ ọ́ nínú 2 Kọ́ríńtì 11:27. Ó wà lẹ́wọ̀n, ikú ti sún mọ́ ọn, kí ló béèrè lọ́wọ́ Tímótì? Aṣọ òtútù tó fi sílẹ̀ ní Tíróásì. Ó tún ní kó sapá kó dé ṣáájú ìgbà òtútù. Àpọ́sítélì tó jí òkú fẹ́ kóòtù rẹ̀.

---

Iná_Ẹ̀mí

Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù pẹ̀lú ìwọ̀n ìgbàgbọ́ rẹ̀.

---

Ṣadé_Alẹ́

Mo jí, mo bá ogun níbí 😂

Èmi ní ìtàn kékeré. Ìyá àgbàlagbà kan ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ti iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, mo rí i pé wọ́n ti kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà wọn, láti ẹnu àtẹ̀gùn títí dé ojú títì, wọ́n sì ti wọ́n iyọ̀ sí i. Mo rò pé àwọn ará ìjọ ni. Kì í ṣe wọ́n. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní òdìkejì títì ni, ẹni tó máa ń sọ gbangba pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó ṣì gbé ṣọ́bìrì dání, imú rẹ̀ pupa, ó ń bọ̀ wá sójú ọ̀nà tèmi. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi sílẹ̀. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ ná.

Mo wọlé, ojú tì mí díẹ̀ nítorí ìjọ wa.

---

Ìyá_Ìfẹ́

Ṣadé, ìtàn yín bá Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28 mu. Ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́, wọ́n gúnlẹ̀ sí erékùṣù Mẹ́lítà. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú. Àwọn ará erékùṣù náà kò mọ Kristi, àwọn ló sì dáná fún wọn, wọ́n gba gbogbo wọn mọ́ra. Pọ́ọ̀lù náà kò jókòó kó máa yáná lásán, ó lọ ṣa igi wá.

Àwọn onígbàgbọ́ kan ti fi gbogbo ayé wọn ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1050, Bernard ti Menthon dá ilé àlejò kan sílẹ̀ lórí òkè Alps, láàárín Switzerland àti Ítálì, níbi tó ga tó mítà 2,469. Àwọn tí yìnyín ká mọ́ ọ̀nà ni wọ́n ń gbà sílé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn ajá ńlá tí wọ́n máa ń kó jáde láyé àtijọ́ láti fi wá ẹni tó sọnù. Ilé náà ṣì ń gba àlejò títí di ìsinsìnyí.

Mo ti ń rí ìdáhùn sí ìbéèrè mi bọ̀. Èmi rò pé àwa tó wà níbi tó móoru la tètè ń rí ẹ̀kọ́ nínú òtútù. Jákọ́bù 2:16 ti mọ̀ wá tipẹ́: ẹni tó sọ fún aláìláṣọ pé kí ara rẹ̀ gbóná, tí kò sì fún un ní nǹkan kan, èrè kí ni?

---

Olùkọ́_Ewéko

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má sọ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan di gbogbo rẹ̀, màmá. Èèyàn lè fúnni ní kóòtù kí ó sì tún dúró wo yìnyín kan tó bọ́ sórí apá aṣọ rẹ̀, igun mẹ́fà rẹ̀ pé pérépéré. Wilson Bentley, àgbẹ̀ kan ní Vermont ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irú yìnyín bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1885. Ó ya ju 5,000 lọ kó tó kú. Wíwò náà ń sin Ọlọ́run.

---

Ìyá_Ìfẹ́

Òótọ́ ni o, Olùkọ́. Mo gbà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé: mo fẹ́ kó kóòtù jọ nínú ìjọ wa. Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí? Báwo lẹ ṣe ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò fi rí ẹ̀gàn níbẹ̀?

---

Nọ́ọ̀sì_Bọ́lá

Mo ti ṣe é rí. Ẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó gbé wọn síta. Ẹ dán síìpù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bàjẹ́, ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ má gbé e kalẹ̀ rárá, torí kóòtù tí kò ṣé pa dé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ wọn sórí irin, ẹ má dà wọ́n sílẹ̀ sínú páálí. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn wá yàn fúnra wọn, kí ẹ má ya wọ́n ní fọ́tò. Bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ nípọn ló máa ń kọ́kọ́ tán, ẹ wá púpọ̀.

---

Ẹni_Jẹ́jẹ́

Mo lè wá bá yín fọ̀ wọ́n tí ibẹ̀ kò bá jìnnà. Ọ̀sán ni mo máa lè wá, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà.

---

Ìyá_Ìfẹ́

Ọ̀sán náà la máa ṣe é. Mo ti fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí yín. Ṣadé, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin oníṣọ́bìrì yẹn bóyá òun náà máa wá.

---

Ṣadé_Alẹ́

Mo ti béèrè. Ó ní ṣé ìwàásù máa wà níbẹ̀, mo ní rárá. Ó ní kí a sọ aago tó yẹ kóun dé.